Charles Kettering: Ọkùnrin tó gba irin kíráńkì lọ́wọ́ awakọ̀

Ní Suame Magazine, ní ìlú Kumasi, lórílẹ̀-èdè Gánà, kò sí ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí ènìyàn ń wá tí kò ní rí ẹni tó ń tà á tàbí ẹni tó lè tún un ṣe. Orúkọ Magazine wá láti ilé ìkó-ohun-ìjà àwọn ọmọ ogun tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ náà kọ́kọ́ wà nítòsí rẹ̀ kí wọ́n tó kó wọn lọ sí Suame. Láàárín àwọn tó ń lu ara ọkọ̀, àwọn tó ń jó irin pọ̀ àti àwọn tó ń ta ògbólógbòó ẹ́ńjìnnì ni àwọn oníṣẹ́ iná ọkọ̀ wà, àwọn tí Yorùbá Nàìjíríà ń pè ní rìwáyà.

Ọ̀kan lára iṣẹ́ tí oníbàárà lè gbé wá sọ́dọ̀ irú oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lóde òní ni pé kí ó bá òun fi rìmóòtù sí ọkọ̀, kí òun lè tẹ bọ́tìnnì láti ẹnu ọ̀nà ilé, kí ẹ́ńjìnnì sì ti dáhùn kí òun tó dé ìdí ọkọ̀. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, òtútù ló mú kí àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀, nítorí wọ́n fẹ́ kí ọkọ̀ ti móoru kí wọ́n tó wọlé. Ní Kumasi, oòrùn ọ̀sán ni ẹjọ́ rẹ̀. Ẹni tó ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú fẹ́ kí ẹ̀rọ amúlétutù ti ṣiṣẹ́ díẹ̀ kí òun tó fi ìdí kan àga.

Oníṣẹ́ náà yóò tú abẹ́ ọwọ́ ìtọ́kọ̀, yóò wá àwọn wáyà tó ti ibi kọ́kọ́rọ́ wá, yóò sì so àpótí kékeré kan mọ́ wọn. Àpótí yìí kò lágbára tó lè yí ẹ́ńjìnnì. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó gba ìròyìn láti inú rìmóòtù, kí ó sì tan ọkọ̀ jẹ bí ẹni pé ọwọ́ ènìyàn ló yí kọ́kọ́rọ́. Mọ́tọ̀ iná kékeré tó wà lára ẹ́ńjìnnì, èyí tí gbogbo mẹkáníìkì mọ̀ sí sítátà, ló ń ṣe iṣẹ́ agbára.

Ẹni tó mú kí sítátà yìí di ohun tó wúlò nínú ọkọ̀ ni Charles Franklin Kettering, ọmọ Amẹ́ríkà tó kú ní ọjọ́ 25 Oṣù Kọkànlá ọdún 1958. Ìtàn ayé rẹ̀ yẹ lẹ́ni tí ènìyàn ń gbọ́, nítorí ó gba ọ̀pọ̀ awakọ̀ lọ́wọ́ ìpalára, ó sì tún wà lára àwọn tó fi májèlé sínú epo tí gbogbo ayé ń sun.

Irin tó ń ṣẹ́ ènìyàn lápá

Kí sítátà tó dé, ọwọ́ ni wọ́n fi ń tan ọkọ̀ tó ń lo epo bẹntiróòlù. Awakọ̀ yóò ti irin kíráńkì bọ ihò tó wà níwájú ẹ́ńjìnnì, yóò sì fi gbogbo agbára yí i. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá dáhùn, yóò tún un yí, títí tí àagùn yóò fi bò ó.

Ewu inú iṣẹ́ yìí pọ̀ ju wàhálà rẹ̀ lọ. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sún ọwọ́ irin kékeré kan tó wà nítòsí ọwọ́ ìtọ́kọ̀, kí iná tó ń ran epo má baà tètè ṣẹ́ jù. Bí ó bá gbàgbé, epo yóò gbiná kó tó àkókò, ẹ́ńjìnnì yóò ta padà sẹ́yìn, irin kíráńkì yóò sì fò sókè pẹ̀lú agbára tí apá ènìyàn kò lè dá dúró. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ṣẹ́ ní ọrùn ọwọ́, tí àtàǹpàkò ẹlòmíràn sì yẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé jíà sínú ọkọ̀ tún wà nínú ewu mìíràn, nítorí bí ẹ́ńjìnnì bá ti dáhùn, ọkọ̀ lè gun ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ìrírí yìí kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ Áfíríkà. Nígbà tí kòkó ń mú owó wọ ilẹ̀ Àṣáńtì ní àwọn ọdún 1920, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù Ford tó fúyẹ́ ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn aláàárù, kíráńkì sì ni wọ́n fi ń tan ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nílẹ̀ Yorùbá pàápàá, àwọn àgbà tó wọ bọ́lẹ̀kájà rántí bí ọmọ ọkọ̀ ṣe máa ń yí irin níwájú ọkọ̀ láàárọ̀ nígbà tí bátìrì bá ti kú, tí àwọn èrò yóò sì ti jókòó tí wọ́n ń retí kí ọkọ̀ ké.

Ní Amẹ́ríkà, ikú ọkùnrin kan ni wọ́n máa ń sọ pé ó fa ọ̀rọ̀ sítátà. Orúkọ rẹ̀ ni Byron Carter, ó sì jẹ́ ẹni tó ń ṣe ọkọ̀ jáde. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn náà ṣe lọ, ó rí obìnrin kan tí ọkọ̀ rẹ̀ kú sórí afárá ní Detroit, ó sì bọ́ sílẹ̀ láti bá a yí kíráńkì. Irin náà ta padà, ó sì fọ́ ọ ní àgbọ̀n. Carter kú ní ọdún 1908. Henry Leland, olórí ilé iṣẹ́ Cadillac tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, sì pinnu pé òun kò fẹ́ kí ọkọ̀ tí òun ṣe tún máa pa ènìyàn lọ́nà bẹ́ẹ̀.

Ọmọ àgbẹ̀ tí ojú ń dùn

Ìdílé àgbẹ̀ ni wọ́n bí Kettering sí, nítòsí ìlú Loudonville ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní ọjọ́ 29 Oṣù Kẹjọ ọdún 1876. Láti kékeré ni ojú ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Bí ó bá kàwé pẹ́, orí yóò máa fọ́ ọ. Síbẹ̀, ó di olùkọ́ ní ilé ìwé abúlé kí ó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga.

Àìsàn ojú yìí kan náà ló lé e kúrò ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio. Nígbà tí kò lè ka ìwé mọ́, ó lọ bá àwọn tó ń gbẹ́ ihò òpó tẹlifóònù ṣiṣẹ́, kò sì pẹ́ tó fi di olórí wọn. Inú iṣẹ́ òpó yìí ló ti mọ iná mànàmáná bí ẹni mọ ojú ọ̀nà oko. Nígbà tí ojú rẹ̀ sàn díẹ̀, ó padà sí yunifásítì, ó sì gba oyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ iná ní ọdún 1904. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọmọ ọdún 28 nígbà náà.

Ilé iṣẹ́ National Cash Register ní ìlú Dayton ló gbà á síṣẹ́. Ẹ̀rọ tí àwọn olùtajà fi ń ṣírò owó, tó sì ní àpótí owó lábẹ́, ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí àpótí tó ṣí. Wọ́n ní kí Kettering fi iná mànàmáná rọ́pò irin náà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé mọ́tọ̀ tó lágbára tó yóò tóbi ju kí ó wọ inú ẹ̀rọ lọ.

Kettering wo ọ̀rọ̀ náà láti ọ̀nà mìíràn. Àpótí owó kì í ṣí láti àárọ̀ dé alẹ́. Ó ń ṣí fún ìṣẹ́jú àáyá kan, á sì tún sinmi. Nítorí náà, mọ́tọ̀ kékeré tí wọ́n bá fún ní iṣẹ́ tó ju agbára rẹ̀ lọ fún ìgbà díẹ̀ kò ní jóná, nítorí yóò ti parí iṣẹ́ kó tó gbóná. Ọ̀rọ̀ náà dà bí ti alábàárù tó lè gbé àpò sìmẹ́ńtì láti orí ọkọ̀ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n tí kò lè rù ú rin ìrìn ọjọ́ kan.

Abà ẹ̀yìnkùlé Dayton

Ọ̀gá kan ní ilé iṣẹ́ náà, Edward Deeds, ní abà kan lẹ́yìn ilé rẹ̀. Ibẹ̀ ni Kettering àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mélòó kan máa ń péjọ sí lálẹ́ àti lópin ọ̀sẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe ètò iná tí yóò máa ran epo nínú ẹ́ńjìnnì dáadáa, Leland sì rà á fún Cadillac. Ní ọdún 1909, Kettering àti Deeds dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì gé orúkọ rẹ̀ kúrú sí Delco.

Orúkọ yẹn kò tíì kú. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ èdè Faransé, títí kan Benin àti Tógò, Delco ni àwọn mẹkáníìkì ń pe ẹ̀rọ tó máa ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì nínú ọkọ̀ àtijọ́, kódà bí ọ̀pọ̀ wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé láti inú abà kan ní Ohio ni orúkọ náà ti wá.

Nígbà tí Leland béèrè ohun tí yóò rọ́pò kíráńkì, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ iná kan ti sọ pé kò lè ṣeé ṣe. Ní ìṣirò tiwọn, mọ́tọ̀ tí yóò yí ẹ́ńjìnnì yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, bátìrì rẹ̀ yóò sì kún inú ọkọ̀. Ìṣirò wọn ì bá tọ̀nà bí ó bá jẹ́ pé mọ́tọ̀ náà yóò ṣiṣẹ́ láìdúró. Ṣùgbọ́n Kettering ti kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ lára àpótí owó. Ó béèrè pé ìgbà wo ni iṣẹ́ náà yóò gbà. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kò ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1911, ẹ̀rọ náà ti wà lára ọkọ̀ Cadillac fún àyẹ̀wò. Bí mọ́tọ̀ náà bá ti yí ẹ́ńjìnnì tán, ẹ́ńjìnnì ni yóò tún máa yí i padà, yóò sì di jẹnẹrétọ̀ tó ń dá iná padà sínú bátìrì, tó sì ń tan fìtílà ọkọ̀. Cadillac ti ọdún 1912 ni ó kọ́kọ́ gbé e jáde fún gbogbo oníbàárà, ó sì gba ife ẹ̀yẹ Dewar ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí rẹ̀. Ford náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi sítátà sí Model T ní ọdún 1919.

Ìyípadà tó bá a wá ju ti apá ṣíṣẹ́ lọ. Ọ̀pọ̀ obìnrin, arúgbó, àti ẹni tí kò lágbára tó láti yí irin lè dá wa ọkọ̀ epo báyìí láì bẹ ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ oníbátìrì, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ràn nígbà náà nítorí pé kò nílò kíráńkì, pàdánù ohun tó fi ń ta tirẹ̀ yọ. Epo bẹntiróòlù jọba lójú pópó, ó sì wà lórí oyè títí di àkókò tiwa yìí.

Òjé inú epo

Ilé iṣẹ́ General Motors ra Delco, nígbà tó sì di ọdún 1920, Kettering di olórí ìwádìí fún gbogbo ilé iṣẹ́ ńlá náà. Ipò yìí ló wà títí ó fi fẹ̀yìn tì ní ọdún 1947.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó dáwọ́ lé ló yọrí sí rere. Ní ọdún 1923, ẹ́ńjìnnì Chevrolet tó fi bàbà àti afẹ́fẹ́ tutù dípò omi kùnà pátápátá, ilé iṣẹ́ náà sì ní láti gba àwọn ọkọ̀ náà padà. Ìtìjú yẹn mú kí Kettering fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀, Alfred Sloan, kò gbà fún un.

Ìkùnà tó kàn án jùlọ kò jọ ìkùnà nígbà tó ṣẹlẹ̀. Àwọn ẹ́ńjìnnì àkókò náà máa ń kan gbàmù-gbàmù bí ẹrù bá wúwo lórí wọn, nítorí epo ń gbiná lọ́nà tí kò yẹ. Kettering ní kí Thomas Midgley, ọ̀dọ́ onímọ̀ kan lábẹ́ rẹ̀, wá ohun tí wọ́n lè pò mọ́ epo láti dá ariwo náà dúró. Ní Oṣù Kejìlá ọdún 1921, wọ́n rí i pé èròjà kan tó ní òjé nínú ń ṣe é, ìwọ̀nba kékeré rẹ̀ sì tó. Wọ́n ti dán ọtí ẹ̀rọ wò náà, ó sì ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ti òjé rọ ilé iṣẹ́ lọ́rùn jù, èrè rẹ̀ sì pọ̀ jù.

Pé òjé jẹ́ májèlé kì í ṣe àṣírí nígbà náà. Midgley fúnra rẹ̀ ṣàìsàn nítorí rẹ̀ ní ọdún 1923. Ní Oṣù Kẹwàá ọdún 1924, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfọpo kan ní New Jersey bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, márùn-ún nínú wọn sì kú. Kettering ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ilé iṣẹ́ Ethyl tó ń ta èròjà náà. Ní ọdún 1925, ìjọba Amẹ́ríkà pe àwọn onímọ̀ jọ sí Washington. Dókítà Alice Hamilton àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Yandell Henderson kìlọ̀ pé èéfín ọkọ̀ yóò fọ́n òjé ká sínú afẹ́fẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń mí. Kettering àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbèjà ọjà wọn. Wọ́n dá títà á dúró fún oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n ní ọdún 1926 ó padà sí ọjà.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí ni ìtàn Kettering ti di ẹ̀kọ́. Ọkùnrin tó yanjú ọ̀rọ̀ sítátà nípa bíbéèrè bí iṣẹ́ náà yóò ṣe pẹ́ tó kò jẹ́ kí ìbéèrè kan náà dá òun dúró nígbà tó kan òjé. Òjé kì í jóná kí ó parẹ́. Ó ń balẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó ń wọ inú erùpẹ̀ tí ọmọdé ń fi ṣeré, ó sì ń ba ọpọlọ ọmọ tó ń dàgbà jẹ́.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, epo olójé ni wọ́n ń tà láti Kumasi dé Ìbàdàn. Àwọn tó ń kiri ọjà láàárín ọkọ̀ ní Kejetia àti ní Ojọ́ọ̀ta ló ń mí èéfín rẹ̀ jùlọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wọn kò ní ọkọ̀ kankan. Ní ọdún 2001, àwọn orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Áfíríkà tó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà fẹnu kò ní Dakar láti lé e kúrò, wọ́n sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọdún 2006 ń wọlé. Algeria ló kẹ́yìn gbogbo ayé, ní Oṣù Keje ọdún 2021. Ó gba ayé ní nǹkan bí 100 ọdún láti mú ohun tí wọ́n rí ní yàrá ìwádìí Kettering kúrò nínú epo ọkọ̀.

Ohun tó fi sílẹ̀

Kettering fi owó rẹ̀ ṣe ọ̀pọ̀ oore. Orúkọ òun àti Sloan ló wà lára ilé ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní New York ní ọdún 1945, èyí tí àwọn aláìsàn láti gbogbo ayé, títí kan Nàìjíríà àti Gánà, mọ̀ bí ẹní mowó. Ìyàwó rẹ̀, Olive, tí ó fẹ́ ní ọdún 1905, kú ní ọdún 1946. Wọ́n bí ọmọkùnrin kan, Eugene, tí òun náà di onímọ̀ ẹ̀rọ. Ìlú kan nítòsí Dayton àti yunifásítì kan ní Flint ń jẹ́ orúkọ Kettering lónìí. Ẹ̀tọ́ tí ìjọba fún un lórí ohun tó dá sílẹ̀ jẹ́ 186.

Ṣùgbọ́n ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ ni irú abẹ́ ọwọ́ ìtọ́kọ̀ tí rìwáyà ń tú ní Suame Magazine. Rìmóòtù mú ọwọ́ ènìyàn jìnnà sí ẹ́ńjìnnì ju bí Kettering ṣe mú un jìnnà lọ, ewu àtijọ́ sì lè bá a padà wá. Ọkọ̀ tó ń lo jíà ọwọ́, tí ẹni tó ni ín sì fi jíà sílẹ̀ nínú rẹ̀, lè fò síwájú bí bọ́tìnnì bá ti di títẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ayé kíráńkì ṣe máa ń ṣe. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé láyé ìgbà yẹn, ẹni tó yí irin ló dúró níwájú ọkọ̀. Lónìí, ó lè jẹ́ ọmọ aládùúgbò.

Nítorí èyí, oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ so àpótí náà láì so wáyà tí yóò dá a dúró bí jíà bá wà nínú ọkọ̀, tàbí bí ẹnikẹ́ni bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń gbé ọkọ̀ sínú gáráàjì tó ní ilẹ̀kùn sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé èéfín sàlẹ́ńsà ní gáàsì kan tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn, tó lè pa ará ilé lójú oorun bí ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ níbi tí atẹ́gùn kò sí.

Kí oníbàárà tó san owó, kí ó dúró ti oníṣẹ́ rẹ̀ kí wọ́n jọ dán an wò: kí wọ́n fa bíréèkì ọwọ́, kí wọ́n rí i pé ẹnikẹ́ni kò sí níwájú tàbí lẹ́yìn ọkọ̀, kí wọ́n fi jíà sí i, kí wọ́n sì tẹ bọ́tìnnì. Bí iṣẹ́ náà bá péye, ẹ́ńjìnnì kò ní dáhùn.